Ẹ má sọ pé ogun ló pa wọ́n mọ́

Ìbéèrè láti Òde Rẹ́mọ:

"Tíṣà ni àbúrò mi. Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló gbé e dé Borno, ó rí ìyàwó fẹ́ níbẹ̀, ó sì jókòó ti iṣẹ́. Iléyá nìkan ló ń gbé e wálé. Ó di ọdún kejì báyìí tí àwọn Boko Haram ya wọ abúlé tí wọ́n ń gbé lóru. Wọ́n pa á, wọ́n pa ìyàwó rẹ̀, wọ́n pa ọmọ méjì. Àwọn aládùúgbò ló sin wọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Àkọ́bí wọn, obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó rí i láàyè, kò sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan nílé níbí, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ní: 'Bàbá, ogun nìyẹn. Ta lẹ fẹ́ ká mú?' Àwọn ará ilé kan tún ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àbúrò mi a máa bá àwọn fijilanté ṣọ́ abúlé, pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ìyá wa kò jẹ́ ká ṣe fídáù. Fọ́tò ọmọ náà tí wọ́n yà ní Iléyá tó kẹ́yìn ṣì wà lára ògiri pálọ̀ ìyá. Ṣé lóòótọ́ ni pé òfin kò sí lójú ogun? Kí la lè ṣe láti ibi tí a wà yìí?"

Ìdáhùn:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ara-fẹ́ra-kù, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Kí ìyá máa ṣọ̀fọ̀ ọmọ àti ọmọ-ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹnu tí a lè fi kí i. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín tán, mo dìde, mo lọ bu omi mu, kí n tó padà sídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá yẹn bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ so kọ́. "Ogun nìyẹn." Èdè wa ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, n kò lè dá a lẹ́bi tán. Nínú Yorùbá, ogun a máa dìde, ogun a máa wọ̀lú, ogun a máa kó ènìyàn, ogun a máa gba ọmọ lẹ́yìn ìyá. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìjì là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá bi àgbàlagbà kan ní Ṣàgámù níbí léèrè bí Mákùn, Òfin àti àwọn ìlú kéékèèké yòókù ṣe di ojú kan ṣoṣo láyé àwọn bàbá ńlá wa, yóò ní ogun ló kó wọn jọ. Ta ló gbé ogun náà wá? Ta ló jó ilé ta ni? Gbólóhùn yẹn kò fi àyè sílẹ̀ fún un. Ní kọ́ọ̀tù, àárín àlàfo yẹn gan-an ni apànìyàn ń gbà jáde. Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má sọ pé ogun ló pa àbúrò yín mọ́. Àwọn ènìyàn ló pa á. Wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní ọ̀gá tó rán wọn níṣẹ́, nǹkan kan ló gbé wọn wá, ẹnì kan láàárín wọn ló sì kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

Ṣé òfin wà? Ó wà, ó sì ti pẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1949, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí Àdéhùn mẹ́rin ní Geneva. Ogun láàárín ìjọba kan sí ìjọba mìíràn ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dá lé. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ kan wà, ìpínrọ̀ kẹta, tí wọ́n kọ bákan náà sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ló ń sọ nípa ogun tó ń jà nínú orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ó ní ẹni tí kò bá wọn jà, ẹni tó ti sọ ohun ìjà sílẹ̀, ẹni tó fara gbọgbẹ́, ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, ẹni tí ọwọ́ ti tẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ pa á, wọn kò gbọ́dọ̀ gé ẹ̀yà ara rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ dá a lóró, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi í ṣe ìdógò. Ìhà méjèèjì ló dè. Boko Haram kò fọwọ́ sí ìwé kankan ní Geneva, lóòótọ́; òfin náà kò dúró de ìbuwọ́lù wọn kó tó mú wọn. Nàìjíríà ti wà nínú àwọn Àdéhùn yìí láti ọdún 1961, wọ́n sì wà nínú ìwé òfin tiwa fúnra wa. Ní 1988 a tún wọ inú Àfikún Kejì, èyí tí wọ́n ṣe ní 1977, tó sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé wọn kò gbọ́dọ̀ dojú ìjà kọ ará ìlú, àti pé ìwà ipá tí ìdí rẹ̀ jẹ́ láti kó jìnnìjìnnì bá ará ìlú, èèwọ̀ ni.

Ibi tí ọ̀gá ọlọ́pàá yẹn ti gbé ọ̀rọ̀ náà sódì nìyí. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní Borno rárá, ìpànìyàn ti wà nínú òfin tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Abala 221 nínú Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti àríwá, ni, ikú sì ni ìjìyà rẹ̀. Ogun kò fọ ìyẹn nù. Ohun tí ogun ṣe ni pé ó gbé ẹ̀sùn kejì lé e lórí, ẹ̀sùn ọ̀daràn ogun. Òfin tó gbógun ti ìgbésùnmọ̀mí, tí ìjọba àpapọ̀ tún ṣe ní 2022, tún gbé ẹ̀kẹta lé e. Òkú kan, ẹ̀sùn mẹ́ta. Ẹni tó bá ní "ogun ni" kí ọ̀rọ̀ lè kúrú, òun ló tún mú kó gùn sí i.

Mo gbà fún un níbì kan ṣá: kò lè ti Rẹ́mọ gbéra lọ mú ẹnikẹ́ni ní Borno, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ló sì ń gbọ́ ẹjọ́ ìgbésùnmọ̀mí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó kọ ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé àkọsílẹ̀ àgọ́, pàápàá ti ọmọ tó sọnù, kó sì fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ padà lọ, ẹ mú ẹnì kan dání, ẹ béèrè fún ìyẹn nìkan. Ẹ má bá a jiyàn lórí Geneva.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ fijilanté tí àwọn ará ilé ń sọ lábẹ́lẹ̀. N óò pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ló ń ba ọ̀pọ̀ ìdílé nínú jẹ́ láìyẹ.

Láti 2013 ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kó ara wọn jọ ní Maiduguri láti bá sójà lé Boko Haram. Àwọn ni wọ́n ń pè ní Civilian JTF. Lẹ́yìn náà ló ràn kiri àwọn abúlé. Kì í ṣe irú ènìyàn kan ṣoṣo ló ń jẹ́ fijilanté. Ẹni tó ń gba owó oṣù wà níbẹ̀, tó ní ìbọn, tó ń bá sójà wọgbó. Tíṣà tó ń di tọ́ọ̀ṣì àti fèrè mú lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ náà wà níbẹ̀, kí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ lè rí oorun sùn. Ohun tí òfin ogun ń béèrè kò ju kan lọ: ǹjẹ́ ẹni yìí ń kópa tààrà nínú ìjà? Ará ìlú tó bá kópa pàdánù ààbò rẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tó bá fi ń kópa. Kì í ṣe títí ayé rẹ̀. Tíṣà tó ṣọ́ abúlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó wá wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ lóru yẹn, ará ìlú ni.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ fi sí ibi tó burú jù, ká ní jagunjagun paraku ni àbúrò yín. Bí wọ́n bá wọ́ ọ jáde, tí wọ́n dè é, tí wọ́n sì pa á, ìpínrọ̀ kẹta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti gbá wọn mú, torí ẹni tí ọwọ́ ti tẹ̀ ni. Bí wọ́n bá sì yìnbọn fún un níbi tó ti ń jà, àwọn onímọ̀ òfin ogun lè jiyàn lórí bóyá ọ̀daràn ogun ni, ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà kò bá wọn jiyàn. Nínú ogun láàárín orílẹ̀-èdè méjì, sójà ní àṣẹ láti pa sójà. Nínú ogun abẹ́lé, ẹni tó gbé ìbọn dojú kọ ìjọba kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ láti pa ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe sójà, ìbáà ṣe fijilanté. Ìpànìyàn ni yóò máa jẹ́. Ti ìyàwó àti àwọn ọmọ kò tiẹ̀ ní ìjiyàn kankan nínú. Kò sí òfin kan lábẹ́ ọ̀run tó sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ, bí ẹ̀ṣẹ̀ bá tiẹ̀ wà, ni kí a fi pa ọmọ.

Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ fijilanté pa mọ́ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ẹlẹ́rìí rere tí ẹjọ́ rẹ̀ fọ́ sí i lọ́wọ́ nítorí ohun kékeré kan tó fi pa mọ́, tí kì bá tí ṣèdíwọ́ rárá. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: ó ṣọ́ abúlé, lẹ́ẹ̀melòó lọ́sẹ̀, pẹ̀lú kí ni lọ́wọ́. Àwọn ará ilé tó ń sọ pé òun ló fà á, ẹ ní mo kí wọn.

Ǹjẹ́ wọ́n ti ń dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, dé àyè kan. Ní oṣù Kẹwàá 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n mú, ọgọ́ọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan, nínú bárékè kan ní Kainji, ìpínlẹ̀ Niger. Wọ́n tún gbọ́ òmíràn ní 2018. Ní oṣù Keje 2024, ìjọba kéde pé àwọn 125 mìíràn ti jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi kan púpọ̀ nínú àwọn ti Kainji: pé wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, pé wọ́n bá ẹgbẹ́ gbé oúnjẹ, pé wọ́n tún ọ̀kadà wọn ṣe, pé wọ́n mọ̀ wọn kò sì sọ. Báyìí-báyìí, lóru báyìí, ní abúlé báyìí, o pa lágbájá ọmọ tàmẹ̀dùn. Irú ẹ̀sùn yẹn ṣọ̀wọ́n. Àwọn òkú kò sí nínú ìwé ẹ̀sùn. Kò sì yà mí lẹ́nu, torí ta ló kọ orúkọ wọn sílẹ̀?

Iye gan-an, wọn kò fẹnu kò lé e. Nígbà tí Boko Haram jó Baga, ìlú kan ní Borno, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015, iléeṣẹ́ ológun ní 150 ló kú. Àjọ Amnesty, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ní ó lè tó 2,000. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá 2020, wọ́n pa àwọn àgbẹ̀ inú oko ìrẹsì ní ẹ̀bá Zabarmari, kò jìnnà sí Maiduguri. Òkú 43 ni wọ́n kọ́kọ́ rí sin. Aṣojú UN kan ní 110, kò pẹ́ tí wọ́n tún ní ìyẹn kò tíì fìdí múlẹ̀. Àjọ UNDP, ẹ̀ka UN tó ń rí sí ìdàgbàsókè, ṣe ìṣirò kan ní 2021: nǹkan bí 35,000 ènìyàn ni ìjà fúnra rẹ̀ pa ní ìlà-oòrùn àríwá títí di òpin 2020, bí a bá sì ro ebi àti àrùn tó tẹ̀lé e mọ́ ọn, ó súnmọ́ 350,000. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ẹni mẹ́rin tiyín kún wọn. Bí ẹ̀yin kò bá dárúkọ wọn, inú irú òǹkà yẹn ni wọn yóò wà.

Ohun tí orúkọ lè ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi Uganda hàn yín. Láàárín 2003 àti 2004, àwọn ọmọ ogun Lord's Resistance Army, àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ń bá ìjọba ibẹ̀ jà, kọlu àgọ́ mẹ́rin tí àwọn tí ìjà lé kúrò nílé ń gbé: Pajule, Odek, Lukodi, Abok. Wọ́n pa ìyá, wọ́n pa ọmọ, wọ́n jó ahéré mọ́ ènìyàn lórí. Bí ẹnì kan bá bi ará Lukodi ní 2005 bóyá ẹjọ́ lè wà, ẹ̀rín ni yóò fi dá a lóhùn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì 2021, ilé ẹjọ́ àgbáyé tó wà ní The Hague, èyí tí wọ́n ń pè ní ICC, dá Dominic Ongwen, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun wọn, lẹ́bi lórí ẹ̀sùn 61. Orúkọ àwọn òkú wà nínú ìwé ìdájọ́ náà. Ó gba ẹ̀wọ̀n ọdún 25. Lọ́dún 2024, ilé ẹjọ́ tún pàṣẹ owó ìtùnú, yúrò 750 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fún àwọn tó súnmọ́ 50,000. Owó náà kò tó nǹkan, mo mọ̀. Ẹ̀dùn tó tún wà nínú ọ̀rọ̀ Ongwen ni pé wọ́n jí òun fúnra rẹ̀ gbé lọ sínú igbó ní kékeré ni, nígbà tó ń lọ sílé ìwé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́tàdínlógún láti alẹ́ Lukodi sí ọjọ́ ìdájọ́. Àwọn ẹlẹ́rìí ṣì mọ ẹni tó sùn sí yàrá wo.

Nàìjíríà wà lábẹ́ ilé ẹjọ́ kan náà, láti 2001 la ti fọwọ́ sí i. Ní 2010 ni Olùpẹjọ́ ibẹ̀ kéde pé òun ti ń yẹ ọ̀rọ̀ wa wò. Ní 2013, iléeṣẹ́ rẹ̀ gbà pé ìjà Boko Haram ti di ogun lójú òfin. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 2020, Fatou Bensouda, tó jẹ́ Olùpẹjọ́ nígbà náà, ní ìdí tó dájú wà láti gbà pé Boko Haram àti àwọn tó yapa kúrò lára rẹ̀ dá ọ̀ràn ogun àti ọ̀ràn sí ọmọ ènìyàn. Ó dárúkọ àwọn agbófinró Nàìjíríà náà mọ́ ọn. Ohun tó kù ni kí wọ́n gba àṣẹ adájọ́ láti ṣèwádìí gan-an. N kò ní ṣèlérí fún yín pé yóò yá. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí kì í jẹrà níwájú ilé ẹjọ́ yẹn. Kò sí pé ọdún ti pọ̀ jù.

Ọ̀nà mìíràn wà, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní Abuja, níbi tí ará ìlú lè gbé ìjọba lọ pé kò dáàbò bò wá, kò sì ṣèwádìí. Ní 2019 ilé ẹjọ́ náà dá Nàìjíríà lẹ́bi lórí àwọn tí wọ́n pa ní Agatu, ìpínlẹ̀ Benue. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà ní ẹ̀gbẹ́ ná. Ó ń náni lówó, ìwé tí yóò gbé e dúró kò sì tíì sí lọ́wọ́ yín.

Ìwé náà ni iṣẹ́ yín, láti Òde Rẹ́mọ tí ẹ wà.

Nígbà kan, mo bá àwọn tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ogun lé kúrò nílé ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ ní Maiduguri. Ìyá kan wá bá wa lábẹ́ àgọ́ tapólì. Kànúrí ló ń sọ, ẹnì kan ń tú u sí Hausa, ẹlòmíràn ń tú ìyẹn sí Gẹ̀ẹ́sì fún mi. Ó fa ọ̀rá kan yọ lábẹ́ ẹní, ìwé eksasáìsì ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ìsọdipúpọ̀ máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó ní kí ọmọ rẹ̀ kọ aṣọ tó wà lọ́rùn ẹni náà: súwẹ́tà aláwọ̀ ewé, híjáàbù dúdú, bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan. Ìyá náà kò mọ̀ọ́kọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ló kọ ọ́. Bírò búlúù ló fi kọ gbogbo rẹ̀ àfi ọ̀kan, pẹ́ńsùlù ló fi kọ ìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Mo ní ṣé bírò tán ni. Ìyá náà ní rárá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn.

Nínú gbogbo ohun tí a gbà lọ́sẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ àti fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́jọ wa, ìwé eksasáìsì yẹn ló wúlò jù. Ọ̀sẹ̀ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́.

Tiyín ti pé ọdún méjì, ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ jù. Ẹ ra ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ ẹni mẹ́rin náà ní kíkún, orúkọ ilé àti ti ilé ìwé, ọjọ́ ìbí, ohun tí wọ́n ń ṣe láyé. Ẹ wá wá àwọn aládùúgbò tó sin wọ́n. Ẹnì kan ní láti wà tí ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe lórí fóònù tí gbogbo wọn pagbo yí ká, nítorí tí ènìyàn mẹ́rin bá jọ ń sọ ìtàn, ti ẹni tó lóhùn jù ni yóò borí, àwọn yòókù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ohun tí wọn kò rí. Ẹ ya ohun tí ó fojú rí sọ́tọ̀ sí ohun tí ó gbọ́. Bí kò bá mọ ọjọ́, ẹ má bá a mú ọjọ́. Ẹ bi í pé ṣé kí wọ́n tó kórè ni, ṣé òṣùpá ń ràn, ṣé wọ́n ti pe ìrun àsùbáà. Kí ni wọ́n wọ̀, èdè wo ni wọ́n ń sọ, ṣé wọ́n pe ẹnikẹ́ni lórúkọ, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà lọ. Ibo ni sàréè wà, igi wo ló wà nítòsí rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè. Bí ó bá ní òun kò lè sọ ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ọgbẹ́ ni ẹ ń tú wò, ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ sì ṣì ń gbé níbi tí àwọn tó ṣe é mọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ rí orúkọ ẹlẹ́rìí kankan lórí Facebook, bó ti wù kí ìbínú pọ̀ tó.

Bí fọ́tò bá wà lọ́wọ́ wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bí a ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. WhatsApp a máa fún un pọ̀, a sì máa yọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á kúrò. Kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, kí wọ́n sì má pa èyí tó wà lórí fóònù wọn rẹ́. Ẹ má gé e, ẹ má kọ nǹkan lé e, ẹ má fi àmì àbẹ́là sí i. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wa ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́yà tó bá dúró fún apànìyàn yóò ní ẹ ti fọwọ́ kan án.

Nígbà tí ìwé yẹn bá ti wà, Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí òfin 1995 dá sílẹ̀, ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fún wọn ní ẹ̀dà, ẹ má fún wọn ní ojúlówó. Ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ yín tó wà lókè òkun bí ó bá wà, ọ̀kan lọ́dọ̀ lọ́yà.

Ìwé ẹ̀rí ikú ẹni mẹ́rin náà kò gbọ́dọ̀ dúró mọ́. Àjọ tó ń ka iye ènìyàn, NPC, ló ń fi orúkọ òkú sílẹ̀, dandan sì ni lábẹ́ òfin 1992. Àwọn tó sin wọ́n lè búra ní kọ́ọ̀tù lọ́hùn-ún pé àwọn rí òkú. Láìsí ìwé yẹn, owó iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ àti ohun tó wà ní báńkì yóò kàn wà níbẹ̀ ni. Àwọn báńkì yóò tún béèrè ìwé àṣẹ ìpín ogún láti kọ́ọ̀tù gíga. Ìyẹn kò le, ẹ wá bá mi.

Ti ọmọ náà yàtọ̀.

Ìyá yín kò ṣe orí kunkun. Àwọn ọmọbìnrin 276 ni wọ́n kó ní Chibok ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 2014. Àwọn kan já bọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, 21 padà ní oṣù Kẹwàá 2016, 82 ní oṣù Karùn-ún 2017. Lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀kan, méjì tún ń jáde láti inú igbó, òmíràn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, obìnrin, tí kò sí nínú àwọn òkú: gbígbé lọ ló jọ jù. Ẹ kò sì nílò Chibok. Ìtàn tiwa ni. Ní 1821, ọmọkùnrin kan ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣogùn. Wọ́n ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ya wọ̀lú, wọ́n so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà. Ní 1846, ó ti di Àjàyí Crowther, ó ti di àlùfáà, ó bá ìyá rẹ̀, Afàlá, pàdé ní Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí wọ́n bá ti ṣòkú ọmọ yẹn ní Òṣogùn, òkú ẹni tó wà láàyè ni wọn ì bá ṣe. Ìdí tí a sì fi mọ̀ pé oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ń se lọ́jọ́ náà ni pé ó jókòó ní 1837, ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Òfin náà kò tíì sọ pé ọmọ yìí kú. Abala 164 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní ìgbà tí ọdún méje bá kọjá, tí àwọn tó yẹ kó gbúròó ẹni kò gbúròó rẹ̀, ni a tó lè kà á sí òkú. Ọdún méjì lẹ tíì lò.

Àwọn Red Cross àgbáyé àti ti Nàìjíríà ló ń wá irú wọn. Orúkọ tó wà lọ́wọ́ wọn ní Nàìjíríà ju 20,000 lọ, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ọmọdé. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Wọn yóò béèrè orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá àti ìyá, orúkọ ìnagijẹ, àpá ara, ibi tí a ti rí i kẹ́yìn, àti ẹni tí ẹ fẹ́ kí wọ́n pè bí wọ́n bá rí i. Orúkọ ìnagijẹ yẹn ṣe pàtàkì. Ọmọdé tí wọ́n gbé lọ lè gbàgbé orúkọ ilé ìwé rẹ̀, kì í gbàgbé ohun tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é wá jẹun. Ẹ tún gbọ́ èyí dáadáa: bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé ọmọ wà lọ́wọ́ òun, kí ẹ fi owó mọ́tò ránṣẹ́, ẹ ní kó fún ọmọ ní fóònù, kí ẹ bi í pé kí ni ìyá àgbà ń pè é ní Rẹ́mọ. Wọn yóò gé fóònù.

Ọ̀rọ̀ fídáù, ti àwọn álífà ni, n kò ní dá sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n mo rò pé ohun tí ìyá ń kọ̀ ni kí wọ́n kó márùn-ún pọ̀. Ẹ bi àwọn álífà bóyá àdúà lè wà fún mẹ́rin, kí wọ́n má sì pe orúkọ ìkarùn-ún rárá. Nínú ìwé yín náà, ẹ má kọ ọ́ sójú ewé kan pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń wà ní ọ́fíìsì láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má yọ fọ́tò yẹn kúrò lára ògiri. Ẹ kan sọ fún ìyá pé mo fẹ́ wá yà á níbi tó wà. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n dúró tì mí, kí wọ́n sì bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú.